Kí ni à ń kọ sí H₀ àti H₁ gan-an tí a bá ń dán àròpín sáńpù wò?

Mo_Ń_Kọ́_Lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìbéèrè tí wọ́n fún wa nìyí: ilé iṣẹ́ kan sọ pé bátìrì òun máa ń ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán wákàtí 40 kó tó kú. Wọ́n mú bátìrì 25 láìṣà wọ́n, wọ́n lò wọ́n títí gbogbo wọn fi kú. Àròpín wákàtí sáńpù yìí (x̄) jẹ́ 38.2, ìyapa wọn (s) jẹ́ 5. Wọ́n ní ká dán ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ náà wò ní ìwọ̀n 5%.

Ohun tí mo kọ fún àbá méjèèjì (H₀ ni àbá tí a ń dán wò, H₁ ni èyí tó ta kò ó):

H₀: x̄ = 40
H₁: x̄ = 38.2

Olùkọ́ wa fa igi pupa gba orí méjèèjì kọjá, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé "Ta lò ń bi léèrè?" Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ìṣirò tó kù kò ní wàhálà, t mi (iye tí a fi ń dán àbá wò) jẹ́ -1.8, mo sì gba máàkì ibẹ̀. Àbá nìkan ló gbé mi ṣubú. Mo ṣí ìwé wò, ibì kan kọ H₀: μ = 40, ibòmíràn kọ H₀: μ ≥ 40. Ó wá tún dàrú mọ́ mi lójú pátápátá.

Olùkọ́_Ìrọ̀lẹ́

Olùkọ́ yín kò bú ẹ o, àbúrò. Ìbéèrè tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni ìdáhùn.

Wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ. O ti ka wákàtí bátìrì 25, o ti rò wọ́n pọ̀, o ti pín in, ó jẹ́ 38.2. Ṣé o tún nílò láti dá àbá lórí iye yẹn? O ti mọ̀ ọ́n. Tí o bá kọ "x̄ = 40" sí H₀, àbá náà ti kú kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ pé 38.2 kì í ṣe 40. Kò sí ohun tí t fẹ́ bá ẹ ṣe níbẹ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ ni μ, ìyẹn àròpín gbogbo bátìrì tí ilé iṣẹ́ yẹn ń ṣe: èyí tó wà nínú páálí, èyí tí wọ́n ti tà, títí kan èyí tí wọn kò tíì ṣe. Gbogbo wọn ni mo ń pè ní agbo. Ẹnikẹ́ni kò lè lo gbogbo agbo títí yóò fi kú, torí ilé iṣẹ́ náà kò ní rí nǹkan kan tà mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi mú 25. Ẹlẹ́rìí ni x̄. Ọ̀rọ̀ μ ni à ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Torí náà, μ ló gbọ́dọ̀ wà nínú àbá méjèèjì.

Dátà_Kì_Í_Parọ́

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún ti Olùkọ́. Iye 38.2 kò gbọ́dọ̀ fojú hàn níbì kankan nínú àbá. Kì í ṣe nínú H₀, kì í ṣe nínú H₁. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ, ọgbọ́n tí mo máa ń dá ni pé màá fi ìwé bo gbogbo ibi tí wọ́n kọ àbájáde sí, màá sì ka ohun tí ilé iṣẹ́ sọ nìkan. Tí mo bá lè kọ àbá mi láìṣí ìwé yẹn kúrò, ó dára. Tí mo bá ní láti yọjú wo abẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé mo ti ń ṣe é lódì.

Mo_Ń_Kọ́_Lọ́wọ́

Háà! Ó ti yé mi. Mo ti dá àbá lórí ohun tí mo ti fi ojú ara mi rí. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni kí n wá kọ, "μ = 40" ni àbí "μ ≥ 40"?

Olùkọ́_Ìrọ̀lẹ́

Méjèèjì tọ̀nà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló há a sórí láìmọ ibi tó ti wá.

Inú H₀ ni àmì ìdọ́gba máa ń wà, yálà ó dá dúró (=) tàbí ó wà lára òmíràn (≥, ≤). Kì í ṣe àṣẹ tí ẹnì kan kàn pa. Báwo lo ṣe rí -1.8 rẹ? O mú 38.2, o yọ 40 kúrò, o fi 5 tí a pín pẹ̀lú gbòǹgbò 25 pín èyí tó kù: -1.8 ÷ 1. Iye 40 yẹn ni o fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Tí H₀ bá jẹ́ "μ < 40" nìkan, kí lo fẹ́ yọ kúrò? 39 ni? 39.9 ni? Kò sí ilẹ̀ tí o máa dúró lé.

Tí o bá wá kọ "μ ≥ 40", kí ló dé tí a fi ń lo 40, tí a kò lo 41 tàbí 43? Nítorí pé 40 ló sún mọ́ 38.2 jù nínú gbogbo iye tí H₀ gbà láyè. Òun ló ṣòro jù lọ láti lé dànù. Tí ẹ̀rí rẹ bá lágbára tó láti ta 40 nù, 41 àti 43 ti lọ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé kan fi ń kọ "= 40" tí wọ́n á sì dákẹ́: wọ́n mọ̀ pé etí ààlà nìkan ni ìṣirò ń lò.

Onígẹ̀gẹ́

Èmi fara mọ́ ≥ ju = lọ níbi ìbéèrè bátìrì yìí o. Tí o bá kọ H₀: μ = 40 àti H₁: μ < 40, μ tó jẹ́ 45 ńkọ́? Kò sí nílé, kò sí lóko. Pẹ̀lú ≥ àti <, gbogbo iye ló ní ilé tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ní ilé méjì. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ rẹ bá ṣe ń kọ ọ́ ni kí o ṣe kọ ọ́. Máàkì ò ṣeé fi jiyàn.

Ìyá_Ìṣirò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún pọ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe ìṣirò ló ń dà wọ́n láàmú, gbólóhùn ni. Wọn kì í fi ara balẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí àmì. Bẹ́ẹ̀, èdè wa yìí ti pín in fún wa dáadáa, tí a bá fetí sí i.

Ẹ wò ó. Tí ẹnì kan bá ní nǹkan "tó" 40, tàbí "kò dín ní" 40, tàbí "ó kéré tán, 40 ni", 40 fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀: ≥. Tó bá ní "kò tó" 40, 40 ti jáde: <. Tó bá ní "ó lé ní" 40 tàbí "ó ju 40 lọ", 40 kò sí níbẹ̀: >. "Kò ju 40 lọ" wá gba 40 wọlé padà: ≤. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣubú, torí wọ́n máa ń rò pé "kò tó" àti "kò ju" jọ ń sọ̀rọ̀ ohun kékeré, wọ́n á sì kọ àmì kan náà fún méjèèjì. Wọn kì í ṣe ìbejì! Alátakò "ó tó" ni "kò tó". Alátakò "ó jù" ni "kò jù". Ìkíní lé 40 síta, ìkejì fi í sílé.

Tí ẹ bá ti rí àmì tí gbólóhùn náà gbé wá, ẹ kọ òdì kejì rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ní ìdọ́gba nínú ni H₀, yálà òun ni gbólóhùn tí wọ́n fún yín tàbí òdì rẹ̀.

Tí gbólóhùn bá ní "ó ti yí padà" tàbí "ó yàtọ̀ sí", tí kò sọ ibi tó yí sí, ≠ ni H₁, ìrù méjèèjì (ìpẹ̀kun òsì àti ìpẹ̀kun ọ̀tún àwòrán t) ni ẹ ó sì wò.

Ayẹ̀jàwò

Mo ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò. Ohun kan wà tí Ìyá fọwọ́ kàn tí mo fẹ́ kí a dúró lé. Ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ sọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ H₀. Àṣìṣe tí mo rí jù nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ẹ̀ka wa.

Tí ilé iṣẹ́ bá ní "bátìrì wa tó wákàtí 40", ìdọ́gba wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, H₀ ni. Oníbàárà tó ń ráhùn ló ní ẹrù ẹ̀rí lórí: òun ló fẹ́ fi hàn pé μ < 40. Ṣùgbọ́n ká ní ilé iṣẹ́ kan náà yọ bátìrì tuntun, tí wọ́n ní "tuntun yìí ju wákàtí 40 lọ". H₁ ni ọ̀rọ̀ wọn báyìí: μ > 40. Ẹrù ti bọ́ sí èjìká tiwọn. Tí wọn kò bá rí ẹ̀rí tó lágbára, a kò ní lè sọ pé tuntun ju wákàtí 40 lọ.

Ẹ rí i? Ilé iṣẹ́ kan náà, iye 40 kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá ti yí padà. Torí náà kí n tó kọ àmì kankan, mo máa ń béèrè pé: kí ni ẹni yìí fẹ́ fi ẹ̀rí gbé dìde? Ìyẹn ló ń lọ sí H₁.

Mo rántí ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ wa tó fẹ́ fi hàn pé ohun èlò tuntun "kò yàtọ̀" sí ti tẹ́lẹ̀. Ó kọ H₀: μ = 40, ó mú sáńpù 4 péré, kò rí ìyàtọ̀, ó bá ń jó. Pẹ̀lú 4, ta ló fẹ́ rí ìyàtọ̀? Tí o bá fẹ́ fi hàn pé nǹkan dọ́gba, o ní láti yí àbá padà: kọ́kọ́ sọ ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù tí o lè fara mọ́, ká ní wákàtí 1, kí H₀ wá jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà tó 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí o bá ta ìyẹn nù lo tó lè sọ pé wọ́n jọra.

Mo_Ń_Kọ́_Lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Kí n rí i bóyá mo ti gbọ́ ọ. Mo rí i pé 38.2 kéré sí 40, nítorí náà àmì < ni mo gbọ́dọ̀ lò nínú H₁. Àbí?

Dátà_Kì_Í_Parọ́

Rárá o! O ti tún ṣí ìwé tí mo ní kí o fi bò ó.

Ìdáhùn rẹ tọ̀nà, ọ̀nà tí o gbà débẹ̀ ni kò tọ̀nà. < ni, nítorí pé ilé iṣẹ́ sọ pé "ó kéré tán", òdì rẹ̀ sì ni "kò tó". Ìbá jẹ́ 44 ni x̄, H₁ ì bá ṣì jẹ́ μ < 40.

Kí o má baà rò pé mò ń fẹ́ ẹ lójú, wo ìbéèrè tìrẹ yìí gan-an. Bátìrì 25, ìyẹn fún wa ní 24 (25 yọ 1) tí a ń wò nínú tábìlì t. Ìrù kan ní 5%: ààlà jẹ́ -1.711. t rẹ jẹ́ -1.8, ó ti kọjá ààlà, a kọ H₀ sílẹ̀ (a ta á nù). Ìrù méjì ní 5%: ààlà di ±2.064. -1.8 kò dé ibẹ̀, a kò lè kọ H₀ sílẹ̀. Iye p (bó ṣe ṣeé ṣe tó láti rí irú t yìí tàbí èyí tó le jù ú lọ tí H₀ bá jẹ́ òótọ́) ti ìrù kan tó nǹkan bí 0.042, ti ìrù méjì tó nǹkan bí 0.084. Bátìrì kan náà, ìdájọ́ méjì!

Tí a bá wá gba ènìyàn láyè kó kọ́kọ́ wo x̄ kó tó yan ìrù tó máa lò, ìgbà gbogbo ni yóò máa yan ìrù tí x̄ bọ́ sí. Ó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni 5%, ṣùgbọ́n 5% lápá òsì pẹ̀lú 5% lápá ọ̀tún ló ń lò, 10% ni àṣìṣe rẹ̀. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ara rẹ̀.

Onígẹ̀gẹ́

Tí gbólóhùn kò bá sọ ìhà kan, ìrù méjì ni kí o lò. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n yọ máàkì rẹ̀ nítorí pé ó ṣọ́ra jù.

Olùkọ́_Ìrọ̀lẹ́

Wọ́n á yọ ọ́ tí gbólóhùn bá sọ ìhà, Onígẹ̀gẹ́! Ìbéèrè bátìrì yìí gan-an: ẹni tó bá lo ìrù méjì yóò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ lọ láìjẹ̀bi.

Abẹ́_Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀, torí ìtàn yìí ló jẹ́ kí ó yé èmi. Ní 1908, William Sealy Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àròpín sáńpù kékeré. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, "Student" ló fi bojú, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ "Student's t" títí dòní. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ti ọmọ ilé ìwé ni!

Ronald Fisher ló wá fún H₀ ní orúkọ àbá òdo nínú ìwé rẹ̀ kan ní 1935. H₀ nìkan ni Fisher ń lò. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rí lè ta H₀ nù, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láé. Jerzy Neyman àti Egon Pearson ni wọ́n ní kí a gbé àbá kejì dojú kọ ọ́, kí a sì ka àṣìṣe méjì: kí a ta H₀ nù nígbà tó jẹ́ òótọ́, àti kí a fi í sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ irọ́. Iṣẹ́ wọn tó lókìkí jù lórí èyí jáde ní 1933. Fisher kò gbà fún wọn, wọ́n bá ara wọn fà á gan-an. Àwọn ìwé tí a ń kà lónìí wá da ti ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ó bá ń ṣe ẹ bí ẹni pé ìwé méjì ń ta ko ara wọn, ó lè máà jẹ́ orí rẹ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo_Ń_Kọ́_Lọ́wọ́

Ìyẹn ni pé tí mi ò bá lè kọ H₀ sílẹ̀, mi ò lè sọ pé "mo gba H₀"?

Ìyá_Ìṣirò

Má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Sọ pé "ẹ̀rí tí mo ní kò tó láti kọ H₀ sílẹ̀". Àwọn kan máa ń fi ilé ẹjọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀, ó ti sú mi láti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi iye ṣe é.

Ká ní ìrù méjì ni ìbéèrè rẹ. Ní 95%, ibi tí μ lè wà ni 38.2, yọ 2.064 kúrò, fi 2.064 kún un: láti 36.1 dé 40.3. Gbogbo iye tó wà láàárín yìí ni o kò lè kọ̀ sílẹ̀. Dán H₀: μ = 40 wò, o kò lè kọ̀ ọ́. Dán H₀: μ = 37 wò, o kò lè kọ ìyẹn náà. 38 ńkọ́? 39 ńkọ́? Bákan náà. Tí "n kò kọ̀ ọ́" bá túmọ̀ sí "mo gbà á", a jẹ́ pé o ti gba pé μ jẹ́ 37, ó jẹ́ 38, ó jẹ́ 39, ó tún jẹ́ 40, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu kan kò lè jẹ́ gbogbo ìyẹn.

Olóòótọ́_Ara

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀ láti òkè. Iṣẹ́ ìlera ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá tí H₁ rẹ̀ jẹ́ ≠ ní tòótọ́. Carl Wunderlich ní Jámánì ló sọ ọ́ di mímọ̀ ní 1868 pé ìgbóná ara ẹni tó ní ìlera jẹ́ 37°C. Gbogbo ayé gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1992, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà wọn ti ènìyàn 148 tí ara wọn le, àròpín rẹ̀ sì jẹ́ 36.8.

Kí ni à bá kọ kí a tó wọn ẹnikẹ́ni? H₀: μ = 37. H₁: μ ≠ 37. Kò sí ẹni tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó ga tàbí ó rẹlẹ̀, a kàn fẹ́ mọ̀ bóyá 37 ṣì dúró ni. Lónìí tí gbogbo wa ti mọ 36.8, yóò máa wu ènìyàn láti kọ μ < 37. Ìwé tí Dátà_Kì_Í_Parọ́ fi ń bo nǹkan ni oògùn rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀: ìgbà 700 ni wọ́n wọn àwọn ènìyàn 148 yẹn. Tí ẹnì kan bá lọ fi 700 sí ibi n (iye ènìyàn tó wà nínú sáńpù) nínú ìṣirò t, ó ti ṣìnà, torí ìgbà márùn-ún tí o wọn ẹnì kan náà kì í ṣe ènìyàn márùn-ún. Àbá yín lè dára bí ojú, kí iye n yín ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́_Kejì

Ẹ dákun, tèmi jọ ọ́ díẹ̀. Wọ́n wọn àwọn ènìyàn kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, wọ́n tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù kan. Àròpín méjì ni mo ní. μ mélòó ni mo máa kọ?

Olùkọ́_Ìrọ̀lẹ́

Ọ̀kan. Ènìyàn kan náà ni wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ìkẹyìn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ yẹn ni dátà rẹ. H₀: μ_d = 0 (μ_d ni àròpín ìyàtọ̀ yẹn nínú agbo). Tí wọ́n bá ní "ṣé ó dín kù?", H₁: μ_d < 0. Ṣọ́ra ẹni tí o yọ kúrò lára ẹni, torí tí o bá yí i, àmì náà yóò yí.

Mo_Ń_Kọ́_Lọ́wọ́

Ó dáa. Mo tún un kọ, ẹ bá mi wò ó:

μ ni àròpín wákàtí tí gbogbo bátìrì ilé iṣẹ́ náà ń lò kó tó kú.
H₀: μ ≥ 40
H₁: μ < 40
t = -1.8, ó kọjá -1.711, mo kọ H₀ sílẹ̀. Èyí fi hàn dájúdájú pé irọ́ ni ilé iṣẹ́ náà ń pa.

Ayẹ̀jàwò

Ó dára gan-an, pàápàá bí o ṣe sọ ohun tí μ jẹ́ kí o tó lò ó. Ìlà ìkẹyìn nìkan ni kí o tún ṣe. "Dájúdájú" ti pọ̀ jù: o gbà láti ṣe àṣìṣe ní ìgbà 5 nínú 100, -1.8 sì kàn ré kọjá ààlà díẹ̀ ni. "Irọ́" náà kò sí nínú dátà rẹ, t kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Kọ ọ́ báyìí: "Ní ìwọ̀n 5%, ẹ̀rí wà pé àròpín wákàtí bátìrì náà kò tó 40."

Mo_Ń_Kọ́_Lọ́wọ́

Mo ti yí i padà. Ìkan tó kù: tí wọ́n bá ti fún wa ní σ (ìyapa) ti agbo, tí mo wá lo z dípò t, ṣé àbá mi yóò yí?

Ìyá_Ìṣirò

Kò ní yí. Tábìlì tí o fẹ́ ṣí nìkan ló yí, ààlà rẹ á di -1.645.